Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àwọn ọmọ mi ò fẹ́ kí n fojú kan Kùmásí mọ́

Ọmọ Kùmásí: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ilé o. Inú ń bí mi. Ọmọ ọdún 68 ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, àmọ́ Kùmásí ní Gánà ni wọ́n bí mi sí. Mo ní kí n lọ wo ibẹ̀ kí n tó kú, àwọn ọmọ fárígá. Àkọ́bí mi, tí mo ta iṣu rán níléèwé, ló ń bi mí pé "Kí lẹ sọ nù síbẹ̀?" Ìyá wọn kàn jókòó sórí àpótí, ó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin tí kò kọjá Ìwó rí! Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni mo dá?

Ìyá Ìbejì: Ẹ ò dẹ́ṣẹ̀ o, bàbá. Ta ni yóò bá yín lọ? Ara yín ńkọ́, ṣé ó le?

Ọmọ Èjìgbò: Àbíján ni wọ́n bí èmi sí, ní Treichville. Mo padà lọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ibi tí ìyá mi ti ń ta aṣọ ti di ilé alájà mẹ́rin. Mo dúró tí mò ń wò ó, awakọ̀ kan fọn fèrè mọ́ mi pé kí n kúrò lọ́nà.

Àjàní: Ibi tí wọ́n ti lé wa bí ajá lẹ fẹ́ náwó lọ? Oṣù kọkànlá 1969, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ìjọba Busia ní Gánà fún wa láti kúrò. Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi tòun tọjà ló kù síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ṣé àwa náà kọ́ la lé wọn níbí ní 1983? Báàgì tẹ́ ẹ fi ń kó ẹrù, kí la ń pè é?

Àjàní: Ta ló bá yín jà? Mo ní wọ́n lé wa.

Ọmọ Kùmásí: Mo wà níbẹ̀ ní 1969 yẹn, ọmọ ọdún 12 ni mí. Ìyá mi ò lè da ọbẹ̀ nù, ó fi ìró di ìkòkò náà pa, ó gbé e lé ẹsẹ̀ nínú lọ́rì. Òórùn ata yẹn bá wa dé Lomé. Ìyá Àṣáńtì tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ki kẹ́ńkẹ́ méjì sí mi lápò. Dòní olónìí, bí mo bá ń ka owó, baako, mmienu, mmiensa ni. Ohun tí ìyàwó mi fi ń rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Bàbá, mo bi yín léèrè ara yín.

Àkànní: Kò gba físà. Ẹ ṣe ìwé ìrìnnà ECOWAS, 90 ọjọ́ lẹ lè lò. Ẹ má gbàgbé yẹ́lò káàdì, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára yẹn, kí wọ́n má baà dá yín dúró ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀.

Ọmọ Kùmásí: Mo ti kọjá Sẹ̀mẹ̀. Gáréèjì Lomé ni mo wà. Àná ni mo jáde, mo ní Ìlọrin ni mò ń lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ló kù sórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣé kí n máa lọ ni, àbí kí n padà?

Ìyá Ìbejì: Yéè! Bàbá! Látàárọ̀!

Ọmọ Èjìgbò: Ẹ má tíì wọkọ̀. Ẹ ní kí ìyàwó yín ya fọ́tò páálí oògùn náà ránṣẹ́, kẹ́ ẹ fi han olóògùn níbẹ̀.

Ọmọ Kùmásí: Bí mo bá pè é, á mọ̀ pé kì í ṣe Ìlọrin. Òun gan-an ló ń pè báyìí. Ìkẹtàdínlógún rèé.

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbé e!