Báwo ni ààfin Neuhardenberg ṣe padà sọ́wọ́ ìdílé tó ni ín?

Ọmọ Bódìjà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìdílé Hardenberg gba ààfin wọn tó wà lẹ́yìn ìlú Berlin níhà ìlà-oòrùn, ní Germany, padà ní 1996. Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ onílé ńlá agbègbè yẹn kò rí tiwọn gbà?

Bàbá Mọ́kọ́lá: Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbà á ni kí ẹ wò. Ohun tí àwọn Soviet, tó gba apá ìlà-oòrùn Germany lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, gbà láàrin 1945 sí 1949, nígbà tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé oko tó ju hẹ́kítà 100 lọ láìsan kọ́bọ̀, àdéhùn 1990 tí Germany méjèèjì fi di ọ̀kan ní kò ní padà. Ṣùgbọ́n Carl-Hans von Hardenberg wà lára àwọn tó dìtẹ̀ mọ́ Hitler ní 1944. Wọ́n jù ú sí àgọ́ Sachsenhausen, ìjọba Nazi sì gba dúkìá rẹ̀. Òfin gbà kí wọ́n béèrè irú ìyẹn padà. Ìgboyà ọkùnrin náà ló gba ilé yìí là!

Àǹtí Agodi: Ẹ jẹ́ n fi kún un, bàbá. Quilitz ni abúlé náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní 1814 ni ọba Prussia, ìjọba kan ní Germany àtijọ́, fi ta olórí ìjọba rẹ̀, Hardenberg, lọ́rẹ. Schinkel, ayàwòrán ilé, sì tún ilé náà kọ́ láàrin 1820 sí 1823. Lẹ́yìn ogun, ó di ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì yí orúkọ abúlé náà sí Marxwalde. Ìdílé náà tà á fún ẹgbẹ́ àwọn báńkì ìfowópamọ́ ní 1997. Láti 2002, òtẹ́ẹ̀lì àti ibi eré orin ni.

Ọmọ Bódìjà: Ẹ ṣeun gan-an. Níbo ni wọ́n ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí ní Germany?

Bàbá Mọ́kọ́lá: Ilé ẹjọ́ àdúgbò ló ń tọ́jú rẹ̀, kì í ṣe Sẹkitéríàtì bíi tiwa. Kí ẹ tó lè wò ó, ẹ ó fi ẹ̀rí hàn pé ọ̀rọ̀ náà kàn yín.