Ṣé ọkọ mi ṣì lè dá mi padà?

Àsàlámù àlékúmù, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn díẹ̀. Ọkọ mi fi ìbínú sọ "Mo kọ̀ ọ́" fún mi lẹ́ẹ̀mẹta léra, nígbà tí mò ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ń bẹ̀ mí. Àáfà kan ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣẹ. Òmíràn ní ẹyọ kan ni, ó tọ́ka sí hádíìsì tí Ibn Abbas, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, sọ, nínú ìwé hádíìsì Sahih Muslim. Mo ka Suratu Talaq, súrà tó sọ nípa ìkọ̀sílẹ̀ nínú Àlùkùráánì, fúnra mi, síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Ilé kan náà la ṣì wà, mo wá ń bo orí níwájú bàbá àwọn ọmọ mi. Ó dùn mí gan-an. Ṣé ó lè dá mi padà kí ìdà mi, ìyẹn àsìkò tí obìnrin tí wọ́n kọ̀ fi ń dúró kó tó lè fẹ́ ẹlòmíràn, tó parí, láìso yìgì tuntun? Ẹ ṣeun, kí Ọlọ́run san yín lẹ́san rere.