"Ihò-ajò": jò kọ́, jó kọ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò,

Ẹ kú iṣẹ́ èdè. Mo ka ìtumọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lánàá lórí ATP (èròjà tó ń gbé agbára fún ara) àti kálísíọ̀mù inú iṣan, ọ̀rọ̀ náà kò sì jẹ́ kí n sùn. Gbólóhùn wọn nìyí: "ATP ni epo tí ihò-ajò ń jó kí kálísíọ̀mù lè jáde." "Ihò-ajò" ni wọ́n pe RyR1, prótíìnì tí kálísíọ̀mù ń gbà jáde nínú iṣan. Ẹ wo jò, ẹ wo jó. Ohùn nìkan ló yà wọ́n, méjèèjì kò sì yẹ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú jò. Òrùlé ló ń jò. Agbè ló ń jò. Ohun tí kò yẹ kó jáde ló ń jáde. Aláró ni ìyá tó bí ìyá mi, níhìn-ín ní Òṣogbo. Ìkòkò méjì ni wọ́n máa ń gbé léra: ti òkè ní ihò nídìí, eérú kún inú rẹ̀, omi tí wọ́n bá dà sí i á máa kán tó, tó, bọ́ sínú ti ìsàlẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n láìmọye ìgbà, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí pé ìkòkò òkè ń jò. Àfi ọjọ́ tí ti ìsàlẹ̀ sán. Ọjọ́ náà ni wọ́n figbe ta: "Yéè, ó ti ń jò!" Ihò tí wọ́n fọwọ́ ara wọn lu kò jò lójú wọn.

RyR1, prótíìnì tí à ń wí yìí, ihò tí a dìídì dá ni. Ẹ̀yà mẹ́rin tó jọra ló so pọ̀ di ilẹ̀kùn kan lára àpò tí iṣan ń kó kálísíọ̀mù pamọ́ sí. Àṣẹ dé, ilẹ̀kùn ṣí, kálísíọ̀mù tú jáde, iṣan sún kì. Jíjò wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àrùn ni. Àwọn kan wà tí a bí pẹ̀lú àbùkù lára RyR1. Bí wọ́n bá fi gáàsì bíi halothane kùn wọ́n lóorun fún iṣẹ́ abẹ, kálísíọ̀mù lè máa ya jáde láìgbàṣẹ, iṣan á le gbagidi, ara á gbóná janjan, àfi kí wọ́n tètè fún wọn ní oògùn dantrolene. Bí ẹ bá ti lo jò fún ilẹ̀kùn tí ara rẹ̀ dá ṣáká, kí lẹ ó wá pe ti aláìsàn?

Jó ńkọ́? Kí ATP tó jó, ó gbọ́dọ̀ fọ́. Wọ́n ti fi ohun tó jọ ATP, tí iṣan kò lè fọ́, dán ilẹ̀kùn yìí wò, ó sì ṣí. Jíjókòó tí ATP jókòó lára ilẹ̀kùn ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe pé ó jó. Ó jókòó, ilẹ̀kùn wà ní sẹpẹ́. Magnésíọ̀mù ní tirẹ̀ ń fà á pa dé. Bí ènìyàn bá lo agbára títí ATP fi dín kù gan-an, magnésíọ̀mù tó rọ̀ mọ́ ATP á bọ́, á kún àwọn tó ń fa ilẹ̀kùn pa dé, ọwọ́ iṣan á sì rọ. Ibi tí ATP ti ń jó ni ẹ̀rọ tó ń fa kálísíọ̀mù padà sínú àpò, ATP kan fún kálísíọ̀mù méjì. Ẹ gbé jó lọ síbẹ̀.

Ẹnìkan dá "atilẹ̀kùnlẹ́yìn" lábàá fún ATP. Rárá o. Kí ọmọ ilé-ìwé tó dé ìparí rẹ̀, ó ti gbọ́ "tìlẹ̀kùn", ìdàkejì gan-an. Àbá tèmi: ilẹ̀kùn ìtúsílẹ̀ fún RyR1, amúlẹ̀kùnyá fún ATP níbẹ̀, bí a ti ní amúlétutù.

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí n tó wọ ilé-ìwé. Òótọ́ ni, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì ohùn orí jò kò tìtorí ẹ̀ yí padà.

Ti "iṣan" tí àwọn ará Ìbàdàn ní ká fi "ẹran-ara" rọ́pò, n kò gbà. Bí pajápajá bá mú wa l'Óṣogbo, "iṣan mi ń fà mí" là ń wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, mo ń retí èsì yín lórí jò.