Kí la ó pe ‘boring’ ní Yorùbá?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ọ̀fà bi wá bí a ṣe lè túmọ̀ àlọ́ Òyìnbó kan: irinṣẹ́ wo ló ‘boring’ jù lọ? Èsì rẹ̀ ni irin tí káfíńtà fi ń dá igi lu, nítorí pé ‘bore’ ni kí nǹkan súni, òun náà ni kí a dá nǹkan lu. Ẹnìkan ti wá dábàá ‘alunílọ́kàn’, ìyẹn ohun tó ń dá ọkàn ẹni lu, kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè gbé ìtumọ̀ méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká gbà á.

Ohun tó bá wọ Yorùbá lọ́kàn kì í sú u. Tí àáfà bá ṣe wàásù tó dáa ní Ìlọrin lóṣù ààwẹ̀, ohun tí a máa ń sọ bí a bá ń padà sílé ni pé ọ̀rọ̀ náà gún wa lọ́kàn. Tí wàásù ọ̀hún kò bá wá lárinrin, kò dé ọkàn ẹnikẹ́ni rárá, etí ló ti padà. ‘Alunílọ́kàn’ yóò máa yin oníwàásù tí a fẹ́ bá wí!

Àwọn Òyìnbó fúnra wọn kò tíì fẹnu kò bóyá ọ̀rọ̀ méjèèjì tan mọ́ra. Ti ihò ti wà lédè wọn fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Bíbélì wọn ti 1611 lò ó ní Ẹ́kísódù 21:6, níbi tí olówó ẹrú ti ń dá ihò sí etí ẹrú tó ní òun kò lọ. Ti kí nǹkan súni, ó di nǹkan bí 1766 kó tó hàn nínú lẹ́tà wọn. Kí ló wá ń lé wa tí a ó fi so wọ́n pọ̀?

Àwa náà kò sì ṣaláìní ọ̀rọ̀, àfi pé tiwa pín sí wẹ́wẹ́. ‘Sú’ ń fẹ́ àsìkò. Ẹ̀wà aládùn lè sú mi bí mo bá jẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá léraléra, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé ó sú mi nígbà tí n kò tíì tọ́ ọ wò. ‘Agara’ ní ti ẹni tó ti sa ipá rẹ̀ tí kò rí ojútùú. Ìwé tí ojú ewé kìíní rẹ̀ ti tutù bí omi, ‘kò lárinrin’ ló yẹ ẹ́, tàbí kí a ní ó tẹ́, bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Mo fẹ́ràn ‘tẹ́’ yìí gan-an, mo sì fẹ́ kí àwọn olùtumọ̀ máa rántí rẹ̀.

Ní ti àlọ́ àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ ká fi tiwa rọ́pò rẹ̀. Ìlọrin ni wọ́n ti ń ṣe lántánà, ìlẹ̀kẹ̀ òkúta pupa, láyé àtijọ́, iṣẹ́ tí àwọn ará Ọ̀yọ́ Ilé gbé wá. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbé lé òkúta náà, wọn a máa fi òòlù kàn án jẹ́jẹ́ títí ihò yóò fi là já. Ẹ wo bí ohùn ṣe bá wa ṣiṣẹ́ níbẹ̀: wọ́n lù ú títí ó fi lu. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi àwọn ọmọ yín báyìí:

Àlọ́ o! Kí ni wọ́n lù lù lù, tí kò ké, tí kò sá, ìgbà tó lu tán ló gun ọrùn ọmọge?