Contact angle mi fò láti 38 sí 71, kí ló fà á?

Ọmọ Tanke: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. Projẹ́ẹ̀tì mi dá lórí títáníọ̀m tí wọ́n ń rì mọ́ egungun èèyàn, irú ti ìbàdí àti eyín. A fi hydroxyapatite, èròjà tó jọ ti inú egungun, bo àwọn kan, a fi àwọn tó kù sílẹ̀ lásán, mo wá ń kán omi sí gbogbo wọn láti wo contact angle, ìyẹn igun tí etí ẹ̀kán omi bá irin ṣe. Mọ́ńdè, orí èyí tá ò bò, mo rí 38 dígírì, omi yẹn tẹ́ bí ẹyin tí wọ́n fọ́ sínú páànù. Tọ́sìdeè, irin kan náà, 71! Omi wú sókè bí àkàrà. Sùpáfáísọ̀ mi ní ṣe ni mo ń gbẹ́ nọ́ńbà láti orí. Fóònù ni mo fi ya fọ́tò, mo fi ImageJ, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wọn nǹkan inú fọ́tò, wọ̀n ọ́n.

Àgbà Ọ̀fà: Àbúrò, o ò gbẹ́ nǹkan kan. Títáníọ̀m máa ń darúgbó ni, àwọn nǹkan ọlọ́ràá inú afẹ́fẹ́ tójú ò rí á lẹ̀ mọ́ ọn, omi ò ní lè tẹ́ mọ́. Ibo lo gbé e sí látọjọ́ Mọ́ńdè? Irú omi wo lo sì kán?

Ọmọ Tanke: Orí tábìlì ni sà, mo fi tíṣù bò ó. Píọ̀ wọ́tà ni 🙈

Àgbà Ọ̀fà: Haa! Nínú ọyẹ́ Ìlọrin yìí? Tábìlì tó jẹ́ pé tó bá fi máa dìrọ̀lẹ́ èèyàn lè fìka kọ orúkọ sí i! Wá omi distilled, kì í ṣe omi bátìrì o, àwọn míì ti da ásíìdì mọ́ ọn. Fọ irin yẹn nínú acetone, kó kan ethanol, kó kan omi, jẹ́ kó gbẹ, kí o kán omi sí i lọ́jọ́ yẹn gan-an, má fọwọ́ kàn án, tweezers ni kí o fi mú un. Ẹ̀kán márùn-ún ó kéré tán lórí irin kan, kí gbogbo wọn tó iye kan náà, kí o sì ya fọ́tò lẹ́yìn iye ìṣẹ́jú àáyá kan náà torí omi ń gbẹ lọ.

Màmá Òmù-Àrán: Gbogbo ìyẹn dáa, àmọ́ èyí tẹ́ ẹ bò ńkọ́, ṣé ó lẹ̀ dáadáa? Hámà ni dókítà máa fi gbá nǹkan yẹn wọnú egungun o. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ọn tẹ́ ẹ sì ṣí tàn mí, ISO 13779-2, ìlànà àgbáyé lórí irú nǹkan tẹ́ ẹ fi bò ó yìí, ní agbára tó fi lẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 15 MPa, ìyẹn ni pé ibi tó fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò á gbé bí àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta kó tó ṣí. Gúlúù ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó fà á, ẹ kọ́kọ́ dán gúlúù yẹn wò lórí irin lásán, torí tí gúlúù bá rin wọnú ihò ara nǹkan tẹ́ ẹ fi bò ó, agbára gúlúù lẹ̀ ń wọ̀n yẹn.

Ọmọ Tanke: Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ ṣé sà. Acetone tí wọ́n fi ń pa kíútẹ́ẹ̀sì rẹ́ ńkọ́, ṣé mo lè lò ó?

Àgbà Ọ̀fà: Wọ́n sábà máa ń po òróró àti lọ́fínńdà mọ́ ìyẹn. O tún fẹ́ rí 71 ni?