Ẹyẹ Ìgbà Ọyẹ́ n'Ífẹ̀ àti n'Íléṣà: Ẹ Sọ Ohun Tójú Yín Rí

Ará Mọ̀òrè:
Èmi tí mo dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ sọ tèmi. Lóṣù Kìíní tó kọjá, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ bá mi létí ìsédò Ọpa, nínú ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀. Láti 1987 ni wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà, èmi ò tíì bá wọn yí i. Ọyẹ́ bo omi pátápátá, n kò rí òdìkejì. Ètè mi ti sán, mo gbàgbé òrí sílé. Báínókúlà tí mo yá, ojú rẹ̀ kan ti fọ́.

Ọlọ́dẹ kan yọ sí mi. "Bàbá, kí lẹ ń wá?" Mo ní ẹyẹ ni. Ó wo ọwọ́ mi, kò rí ìbọn, kò rí kànnàkànnà. "Ẹ ó wò ó, kí ẹ wá ṣe kí ni sí i?" Mo ní kí n ṣáà wò ó ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó tì mí. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó nawọ́ sí ẹyẹ kékeré kan tó ń rìn létí omi. Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ewé gbígbẹ, ikùn rẹ̀ funfun, ó ń ju ìdí sókè sódò láìsinmi. Ó ní, "Ajùdí lèmi ń pe èyí. Tí òjò bá ti wọlé dáadáa, ẹ ò ní rí i mọ́." Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣọ́ ibẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ẹyẹ rí.

Mo délé, mo yẹ ìwé wò, òótọ́ ló sọ. Yúróòpù àti Éṣíà ni ẹyẹ náà ti ń yé, ibẹ̀ ló ti ń pamọ. Kí yìnyín tó bo etí omi lọ́hùn-ún, kí kòkòrò tó tán, ó ti gbéra wá sọ́dọ̀ wa.

Ìyá Oníkòkó, Iléṣà:
Bàbá Mọ̀òrè, ẹ kú ìrìn o. Èmi ò lọ síbì kankan, ibi tí mo ti ń sá kòkó ni tèmi ti bá mi. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé wa, amọ̀ ló fi kọ́lé. Ṣùgbọ́n àwọn kan tún máa ń tò sórí wáyà NẸ́PÀ lóṣù Kejìlá, ọ̀fun wọn pọ́n, ìrù wọn là bí àmúga, n kò sì rí wọn kí wọ́n kọ́lé rí. Mo ti ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Ọmọ mi ní, "Màámi, àlejò ni wọ́n, ilé wọn wà ní Yúróòpù. Aṣálẹ̀ Sàhárà ni wọ́n fò kọjá." Ẹyẹ tí kò wúwo ju bí ogún gíráàmù lọ! Ó ní ní Ebbaken, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, wọ́n máa ń sùn pọ̀ nínú eèsún, wọ́n á lé ní mílíọ̀nù kan, àti pé àtè làwọn ará ibẹ̀ fi ń mú wọn jẹ tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yé bú wọn.

Ọmọ Ìsọ̀kùn:
Ẹ fi omi sílẹ̀. Oko tí wọ́n ń sun ni kí ẹ lọ. Tí iná bá ti lé tata jáde, àwòdì á bo ojú ọ̀run. Èmi dúró, mo lanu, mo ń wò wọ́n, ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀, ó já ẹja tó wà nínú búrẹ́dì mi gbà, ó sì fi búrẹ́dì sílẹ̀ fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ará Mọ̀òrè:
Ọmọ Ìsọ̀kùn, pẹ̀lẹ́ o. Ẹni tó bi mí bóyá a lè ka àdán inú ọgbà mọ́ ẹyẹ: ọmú ni àdán ń fún ọmọ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Lékeléke ńkọ́, tí a máa ń na èékánná sí ní kékeré kó lè fún wa ní funfun? Ìyẹn ò dé Yúróòpù ní tirẹ̀. Apá àríwá ló ń gbà lọ bí òjò bá dé, ó sì ń tẹ̀ lé màlúù nítorí tata tí ẹsẹ̀ wọn ń ta sókè.

Ọlọ́dẹ ìsédò pè mí láàárọ̀ yìí. "Bàbá, Ajùdí yín ti dé o. Méjì ni." Mo ti ra òrí.