Tíì Pátì Amẹ́ríkà: ṣé "Asanwókọ̀yà" ni ká pè é?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ohun tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí a ó máa pe agbo òṣèlú Tea Party tó dìde ní Amẹ́ríkà ní 2009 nínú ìròyìn àti nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, àti ọ̀rọ̀ méjì tí a ó fi máa ṣàpèjúwe irú òṣèlú tí wọ́n ń ṣe.

Ẹni tó bá kánjú yóò kọ "Ẹgbẹ́ Onítíì". Kò dáa bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń po tíì, tó ń din ẹyin sí búrẹ́dì létí títì ni onítíì. "Ẹgbẹ́ Òṣèlú Tíì" náà kò ṣe é lò, torí kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú: kò sí alága kan tí gbogbo wọn ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, inú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Republican sì ni àwọn olùdíje wọn ti ń jáde.

Àbá tèmi ni *Asanwókọ̀yà*: a-, san owó, kọ̀ ìyà. Ara Àgbẹ̀kọ̀yà ni mo ti yọ ọ́. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dìde sí owó-orí, wọ́n ní òkè mẹ́fà péré làwọn ó san, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè. Àwọn ará Amẹ́ríkà yìí náà, orí owó-orí ni wọ́n dúró lé. Orúkọ wọn wá láti Boston, níbi tí àwọn èèyàn ti da àpótí tíì 342 sómi ní ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá, 1773, torí owó-orí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bù lé e. Ọjọ́ 15, oṣù Kẹrin, 2009, ọjọ́ tí wọ́n máa ń parí ìwé owó-orí níbẹ̀, ni wọ́n jáde ní ọgọ́ọ̀rọ̀ ìlú. Àwọn kan tilẹ̀ tú lẹ́tà T, E àti A sí *Taxed Enough Already*, ìyẹn ni pé owó-orí tí à ń san ti tó gẹ́ẹ́.

Fún irú òṣèlú wọn, mo dábàá *afẹ́mẹ̀kúnnù* àti *adàṣàmú*: àwọn tó ní mẹ̀kúnnù làwọn ń jà fún, tí wọ́n sì di àṣà àtẹ̀yìnwá mú. Ẹ bá mi wò ó.

Èsì

Àbúrò, o ṣeun. Asanwókọ̀yà gún régé létí, ẹnikẹ́ni tó bá mọ Àgbẹ̀kọ̀yà kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ibi tí mo ti kọ̀ ọ́ ni pé kò sọ òótọ́ nípa àwọn tí a fẹ́ fi pè.

Wo owó-orí náà dáadáa. Ọjọ́ 17, oṣù Kejì, 2009 ni Obama buwọ́ lu òfin ìmúpadàbọ̀sípò ọrọ̀-ajé, dọ́là bílíọ̀nù 787. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti dín owó-orí òṣìṣẹ́ kù: dọ́là 400 fún òṣìṣẹ́ kan, 800 fún tọkọtaya, fún 2009 àti 2010. Nígbà tí èrò fi máa tú síta nínú oṣù Kẹrin, owó-orí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wálẹ̀ ni. Ohun tó bí akọ̀ròyìn Rick Santelli, ẹni tí ariwo rẹ̀ tan iná agbo náà, nínú lórí tẹlifíṣọ̀n CNBC ní ọjọ́ 19, oṣù Kejì, nígbà tó dúró láàárín àwọn oníṣòwò ọjà Chicago, kì í ṣe owó-orí. Ètò dọ́là bílíọ̀nù 75 tí Obama kéde lánàá ọjọ́ náà láti ran àwọn tó jẹ gbèsè ilé lọ́wọ́ ni. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé kí ló dé tí ẹni tó ń san tiẹ̀ déédéé yóò fi ru gbèsè ẹni tó ra ilé tó ju agbára rẹ̀ lọ. Ìbínú náà sì ti wà nílẹ̀ kí Obama tó dé: oṣù Kẹwàá, 2008 ni Bush buwọ́ lu dọ́là bílíọ̀nù 700 láti gba àwọn báńkì là, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ tirẹ̀ gan-an kò sì dárí ẹ̀ jì í.

Ọ̀rọ̀ ta ló tọ́ sí, ta ni kò tọ́ sí, ni ìdí agbo náà. Nígbà tí New York Times àti CBS wádìí èrò aráàlú nínú oṣù Kẹrin, 2010, èèyàn 18 nínú 100 ló pe ara rẹ̀ ní alátìlẹ́yìn Tíì Pátì. Aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú wọn, ọkùnrin, ẹni tó ti kọjá ọdún 45. Owó wọn àti ìwé tí wọ́n kà ga ju ti gbogbogbò lọ. Ìyẹn ti ba mẹ̀kúnnù jẹ́ nínú afẹ́mẹ̀kúnnù rẹ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, púpọ̀ wọn ló sọ pé owó ìfẹ̀yìntì ìjọba àpapọ̀ àti ètò ìwòsàn àwọn àgbà, ìyẹn Medicare, tó iye tí ìjọba ń ná lé wọn lórí. Ohun kan náà ni àwọn olùwádìí méjì, Theda Skocpol àti Vanessa Williamson, bá pàdé nígbà tí wọ́n lọ jókòó sí ìpàdé àwọn ẹ̀ka agbo náà: ohun tí wọ́n gbà pé àwọn fi òógùn ojú ṣe, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án; èyí tí ń lọ sọ́wọ́ ẹni tí wọ́n kà sí ẹni tí kò ṣiṣẹ́, pàápàá àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú, òun ni wọ́n ń bínú sí. Ẹni tí a bá ń pè ní asanwó-orí tó kọ ìyà, èyí kọ́ ló yẹ kó wá síni lọ́kàn.

Ibi tí Àgbẹ̀kọ̀yà tún ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ ni ibi tí owó ti wá. Àgbẹ̀ ni Tàfá Adéoyè, àwọn àgbẹ̀ ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà ní àjà méjì. Nísàlẹ̀, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ẹ̀ka ló wà lẹ́sẹ̀kùkú, tí wọ́n ń pàdé ní gbọ̀ngàn ìjọ, ní ilé ìkàwé, ní ilé oúnjẹ, tí wọ́n ń dá owó lápò ara wọn. Lókè ni àjọ ńlá méjì wà nígbà náà: FreedomWorks, tí Dick Armey ń darí, ẹni tó ti jẹ́ olórí ọmọ ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù ní Ilé Aṣojú-ṣòfin rí, àti Americans for Prosperity ti àwọn olówó ńlá ará ilé Koch. Inú àjọ kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá, Citizens for a Sound Economy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1984, tó pín sí méjì ní 2004. Ọdún márùn-ún kí Santelli tó lanu ni wọ́n ti wà nílẹ̀. Àwọn ló ń kọ́ àwọn ẹ̀ka ní bí a ṣe ń pe aṣòfin lórí fóònù, bí a ṣe ń kó èrò wá sí Washington. Àwọn kan náà ló sì ti ń wá ọ̀nà tipẹ́ láti gba owó ìfẹ̀yìntì kúrò lọ́wọ́ ìjọba, kí kálukú máa fi tirẹ̀ pamọ́ sí ọjà ìdókòwò.

Àwọn òkè àti ìsàlẹ̀ kò sin ohun kan náà. Bí o bá fẹ́ rí ojú ibi tí wọ́n ti rán méjèèjì pọ̀, wo ètò ìṣúná tí Paul Ryan, aṣojú-ṣòfin Republican, gbé jáde nínú oṣù Kẹrin, 2011. Ó fẹ́ sọ Medicare di owó ìrànwọ́ tí kálukú yóò fi ra ìṣedúró ìlera, ṣùgbọ́n kò ní kan ẹnikẹ́ni tó ti pé ọdún 55. Nínú ètò náà, àwọn olówó òkè rí ìyípadà tí wọ́n ń fẹ́ gbà. Àwọn àgbà ìsàlẹ̀ kò pàdánù nǹkan kan. Ẹni tó bá sọ pé owó òkè nìkan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kò tọ̀nà, ẹni tó bá sì ní kò sí owó òkè níbẹ̀ kò tọ̀nà.

Ẹgbẹ́ Republican ńkọ́? Wọ́n jẹ́ kó rí àga 63 kún tirẹ̀ ní Ilé Aṣojú-ṣòfin ní 2010, síbẹ̀ wọn kò gbà pé ẹgbẹ́ ló ni àwọn. Bob Bennett, aṣòfin àgbà láti Utah, ṣubú ní àpérò ẹgbẹ́ nínú oṣù Karùn-ún, 2010, torí ó dìbò fún gbígba àwọn báńkì là. Ní Delaware lọ́dún náà, wọ́n fi Christine O'Donnell lé Mike Castle lọ ní ìdìbò abẹ́lé, àga ilé aṣòfin àgbà tí ẹgbẹ́ ì bá rí gbà sì bọ́ sọ́wọ́ Chris Coons ti ẹgbẹ́ alátakò, Democrat. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí Richard Lugar ti Indiana ní 2012 lẹ́yìn ọdún 36 nílé aṣòfin. Joe Donnelly ti ẹgbẹ́ alátakò ló jókòó sípò rẹ̀. Lójú wọn, kí àga sọnù sàn ju kí ẹni tí wọn kò fọkàn tán jókòó lórí rẹ̀. Eric Cantor, olórí ọmọ ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù, ṣubú ní Virginia ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹfà, 2014, sọ́wọ́ Dave Brat, olùkọ́ ìmọ̀ ọrọ̀-ajé. Ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì wà lára ohun tó gbé Brat wọlé, owó àwọn àjọ ńlá kò sì tó nǹkan nínú ìpolongo rẹ̀.

Ó kù ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. *Adàṣàmú* yóò dá wàhálà sílẹ̀. *Dì àṣà* di *dàṣà*. *Dá àṣà* di *dáṣà*. Àmì ohùn kan péré ló yà wọ́n. Ẹni tó bá kà á nínú ìwé tí kò ní àmì, bí àwọn ìwé ìròyìn wa ṣe pọ̀ tó, lè gbà pé ẹni tó ń dá àṣà tuntun sílẹ̀ ni, òdìkejì gan-an. *Apàṣàmọ́* kò sàn jù ú lọ: kí etí tó gbọ́ *mọ́*, ó ti gbọ́ pé wọ́n pa àṣà. *Adìlànàmú* ni mo fara mọ́. *Dì ìlànà* fún wa ní *dìlànà*, *dá ìlànà* sì fún wa ní *dálànà*. Fáwẹ́lì yà wọ́n, kódà níbi tí kò sí àmì. Ó tún bá wọn mu ju àṣà lọ, torí òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè wọn ni wọ́n ń gbé kiri nínú ìwé pélébé lápò.

Fún èkejì, a fẹ́ ọ̀rọ̀ fún olóṣèlú tó pín ìlú sí méjì, aráàlú gidi lápá kan, àwọn ọ̀tọ̀kùlú tó rẹ́ wọn jẹ lápá kejì, tó sì ní òun ni ohùn aráàlú. *Afẹ́mẹ̀kúnnù* jẹ́ oríyìn. *Afimẹ̀kúnnù-ṣàsíá* jẹ́ èébú. Ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá lè lò láìjà. Mo kọ́kọ́ rò ó sí *pe ará ìlú*, ṣùgbọ́n nígbà tí *pe* bá kan *ará*, *aparáàlú* ló ń jáde, bíi pé apànìyàn ni. *Ké sí* kò ní àléébù yẹn: *akésáráàlú* fún ẹni náà, *ìkésáráàlú* fún ìṣe rẹ̀.

Orúkọ gan-an, ẹ fi í sílẹ̀ ní Tíì Pátì, kí ẹ sì túmọ̀ rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tó bá jáde. Òótọ́ ni pé àmì ìdánimọ̀ la fi ń sọ ẹgbẹ́ lórúkọ nílé wa: Ọlọ́pẹ fún Action Group, Alákùkọ fún NCNC. Bí a bá tọ ọ̀nà yẹn, àsíá wọn jẹ́ àwọ̀ ìyeyè tí ejò ká jọ sí àárín rẹ̀, a ó sì máa pè wọ́n ní Ẹgbẹ́ Eléjò. Kò sí Yorùbá tó máa gbọ́ ìyẹn tí kò ní kà á sí èébú.

Èsì sí èsì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti yọwọ́ lórí Asanwókọ̀yà, akésáráàlú sì ti wọlé. Adìlànàmú ni mo ṣì ń bá yín fà.

Ìlànà tí wọ́n ń pariwo jù ni pé kí ìjọba má ná ju ohun tó ń wọlé lọ. Ní 2011 wọ́n kọ̀ láti gbé gbèdéke gbèsè ìjọba sókè, wọ́n fi di Obama lọ́wọ́ títí di ọjọ́ 2, oṣù Kẹjọ, tí òfin tó fi gbèdéke sí ìnáwó fi jáde. Ní ọjọ́ 5, oṣù náà, Standard & Poor's, ilé iṣẹ́ tó ń díwọ̀n ẹni tó lè san gbèsè, já ipò gbèsè Amẹ́ríkà wálẹ̀ láti AAA sí AA+. Ní 2013, wọ́n ti ilé iṣẹ́ ìjọba pa fún ọjọ́ 16. Lẹ́yìn náà Trump dé. Mick Mulvaney, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Freedom Caucus, agbo àwọn aṣojú-ṣòfin Republican tó le jù, sílẹ̀ ní 2015, di olórí ọ́fíìsì ètò ìṣúná rẹ̀ ní 2017. Nínú oṣù Kejìlá ọdún náà wọ́n gé owó-orí, ọ́fíìsì ìṣirò ilé aṣòfin sì ṣírò pé yóò fi nǹkan bíi dọ́là tírílíọ̀nù 1.9 kún àìtó owó títí di 2028. Ní ọdún ìṣúná 2019, nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ nílùú, àìtó owó ìjọba jẹ́ dọ́là bílíọ̀nù 984. Nínú oṣù Kẹjọ, 2019, Trump buwọ́ lu òfin tó gbé gbèdéke 2011 sókè. Rand Paul, ẹni tí Tíì Pátì gbé wọlé, dìde nílé aṣòfin àgbà ó ní Tíì Pátì ti kú. Àwọn alátìlẹ́yìn nísàlẹ̀ kò tú síta bíi ti 2009. Wọ́n wà lẹ́yìn Trump, ẹni tó ti ṣèlérí láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun kò ní fọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì àti Medicare.

Ìyẹn ti ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lẹ́yìn, Ẹ̀gbọ́n: ohun tí wọ́n dì mú jẹ́ ipò wọn nínú ìlú àti ohun tí wọ́n kà sí ẹ̀tọ́ wọn. Mo ti fẹ́ dábàá *adipòmú*. Ṣùgbọ́n òdiwọ̀n tí ẹ fi lé afimẹ̀kúnnù-ṣàsíá dànù kan èyí náà: kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa gbà á lórúkọ. Nítorí náà kí adìlànàmú wọ ìwé atúmọ̀ fún ohun tí wọ́n ń pe ara wọn, kí adipòmú wà fún ẹni tó bá ń jiyàn nínú àpilẹ̀kọ tirẹ̀, tó sì lè kó ẹ̀rí kalẹ̀.

Gbólóhùn àpẹẹrẹ tí mo kọ sí abẹ́ wọn nìyí, kí ẹ bá mi tún un ṣe: "Tíì Pátì, agbo adìlànàmú akésáráàlú inú ẹgbẹ́ Republican, tú jáde ní 2009 láti tako bí ìjọba ṣe ń fi owó gba báńkì àti onígbèsè ilé là." Fún agbo Trump, akésáráàlú nìkan ni mo kọ. Mi ò fi adìlànàmú kún un títí tí ẹ ó fi sọ tiyín.